Agbára Láìsí Aṣọ Àtìlẹ́yìn: Ẹrù Rírù àti Irin Gbígbé ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba àti ogun ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, nítorí ibẹ̀ ni a mọ̀ mí sí. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà mí láyè láti sọ ìtàn ohun mìíràn tí àwa òpìtàn kì í sábà kà kún ìtàn, èyíinì ni ọrùn, èjìká àti apá àwọn ènìyàn tí wọ́n ru ẹrù ilẹ̀ yìí.

Ohun tí ó tì mí sí i kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ń kọjá lọ ní àdúgbò kan ní Ṣágámù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga pákó gbọọrọ, tí ó ń ti irin sókè sódò. Mo dúró wò ó. Nígbà tí ó sinmi, mo bi í léèrè bóyá kò ní aṣọ líle tí mo ti rí lára àwọn agbé-irin òkè òkun nínú àwòrán. Ó kí mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, àìsí owó ni o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwa ti ń ṣe é yìí gan-an ni àwọn òyìnbó náà tún ń ṣe é báyìí." Mo kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kọjá lára mi. Ǹjẹ́ ohun kan náà ni kí ènìyàn kọ ohun tí ó lè lò sílẹ̀, àti kí ó má tilẹ̀ ní in rárá? Ìbéèrè yìí ni mo gbé wá síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré ìdárayá náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yà mẹ́ta ni gbígbé irin tí wọ́n fi ń dán agbára wò nínú rẹ̀. Èkíní ni pé kí a gbé irin lé èjìká, kí a lóṣòó, kí a sì dìde. Èkejì ni pé kí a fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga, kí a sọ irin kalẹ̀ sí àyà, kí a sì tì í sókè títí apá yóò fi nà gbọọrọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a gbé irin kúrò nílẹ̀ títí a óò fi nàró. Kò jọ gbígbé irin ti ìdíje Olympic, níbi tí a ti ń sọ irin sókè orí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣàkóso rẹ̀ sílẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ọgbọ́n mìíràn fi wọ inú eré náà. Wọ́n hun aṣọ líle kan tí ó fún mọ́ ara tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè dá wọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ará Amẹ́ríkà kan, John Inzer, ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀ sí àyà fún irin títì. Bí irin bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, aṣọ náà yóò máa nà; bí ó bá tó àkókò láti tì í sókè, aṣọ yóò fẹ́ padà sí bí ó ti wà, yóò sì máa bá olúwarẹ̀ tì í. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tí èyí mú wá. Julius Maddox, ará Amẹ́ríkà, ti irin kílógíráàmù 355 sókè ní 2021 láìwọ aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wọ aṣọ náà ti kọjá 500. Ta ni ó gbé ìyókù? Ìbéèrè yìí ni ó sú àwọn ènìyàn tí wọ́n fi padà sẹ́yìn, tí ẹgbẹ́ àgbáyé náà fi dá ìdíje tí kò ní aṣọ àtìlẹ́yìn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlú Suzdal ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀ ní 2013. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣágámù náà gbọ́ nìyẹn.

Rẹ́mọ ti mọ agbára tí kò ní aṣọ àtìlẹ́yìn tipẹ́, nítorí ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ wa. Ẹrù tí ó bá gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú láti orí ọ̀sà, ọ̀nà Rẹ́mọ ni yóò gbà dé Ìbàdàn. Epo pupa àti èkùrọ́ tí ó bá ti òkè wá, ọ̀nà kan náà ni. Nítorí ọ̀nà yìí ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó ti Ìkòròdú ní 1865, tí John Glover, tí ó wà ní ìdí àkóso Èkó nígbà náà, fi rán ọmọ-ogun lọ lé wọn. Ìjayà irú ogun bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí ó kó Ọ̀fin, Mákùn àti àwọn ìlú yòókù jọ tí wọ́n di Ṣágámù ní 1872 lábẹ́ Akárìgbò. Nígbà ogun Kírìjí, láti 1877 títí di 1893, iyọ̀ àti ẹ̀tù tí Ìbàdàn ń wá lójú méjèèjì kò ṣẹ̀yìn ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tì í ni ìnira dé bá Ìbàdàn. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí a kò kọ tó ni pé kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù lójú ọ̀nà náà, kò sí ẹṣin akẹ́rù, nítorí kòkòrò igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́. Orí ènìyàn ni ọkọ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ojú irin láti Èkó, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó gbà dé Ìbàdàn ní 1901. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, títí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fi wọ́pọ̀, ẹrù Rẹ́mọ kò kúrò lórí. Obì gbànja pàápàá, tí ó fa àwọn Haúsá wá sí Sábó Ṣágámù, orí àti ẹ̀yìn ènìyàn ni ó ti ń bọ̀ láti oko. Ẹrù tí àwọn òyìnbó ìjọba fi ṣe òṣùwọ̀n fún alábàárù kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ nǹkan bí pọ́n-ùn 60, èyíinì ni kílógíráàmù 27. Bí a bá fi í wé ti agbé-irin, a lè fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbé-irin yóò gbé tirẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò sì dá a padà sórí àga. Alábàárù ń ru tirẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ó ń gun òkè, ó ń la odò kọjá.

Kí ni ohun àtìlẹ́yìn tí ó ní? Osùká. Ewé tútù tàbí àkísà tí a ká bí òrùka, tí a gbé sí àtàrí. Ẹ kíyè sí i pé osùká kì í gbé ẹrù. Kò fi kílógíráàmù kan ṣoṣo kún agbára ẹni tí ó rù ú. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kí ẹrù jókòó dáadáa, kí ó má sì dá egbò sí orí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi osùká yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ohun kejì tí alábàárù ní ni ènìyàn. Ẹni tí ó ti ru ẹrù wúwo rí mọ̀ pé líle iṣẹ́ náà kò sí nínú ìrìn, bí kò ṣe nígbà tí ẹrù ń gòkè orí àti nígbà tí ó ń sọ̀. Ìyá tí ó bí ìyá mi, tí ó ń ná ọjà Ìkẹ́nnẹ́ láti Ṣágámù, a máa sọ pé ẹni tí ó dá ẹrù gbé karí fúnra rẹ̀ kò ní láárí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. "Ẹ gbé e rù mí" ni a ń wí nígbà tí a bá ń lọ, "ẹ sọ̀ mí" ni a ń wí nígbà tí a bá dé, bí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá sì ké e, dandan ni kí a dìde. Mo ti wo àwọn agbé-irin níbi ìdíje: ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń dúró ti ẹni tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ̀, ọwọ́ wọn gbọdọ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ mí náà ni.

Báwo ni ara ṣe ń kọ́ ọ? Ìtàn kan wà láàárín àwọn Gíríìkì àtijọ́ nípa Milo ará Croton, tí wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́, tí ọmọ màlúù ń dàgbà, tí agbára tirẹ̀ náà ń dàgbà, títí ó fi ń gbé akọ màlúù. Gbogbo ìwé tí ó kọ́ni ní irin gbígbé ni ó ń pa ìtàn yìí. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ orúkọ Milo rí, ṣùgbọ́n bí ó ti tọ́ wa nìyẹn. Agolo wàrà ni a kọ́kọ́ fi pọn omi, lẹ́yìn náà ó di kèrègbè, lẹ́yìn náà ó di ìkòkò kékeré, kí ó tó di garawa. Garawa gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kílógíráàmù 18. Kò sí ẹni tí ó gbé garawa rù ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì kúrò ní ti ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ irin ń gbà báyìí náà kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí a fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún irin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí a má sì fi kún un nígbà tí gbígbé kò bá tíì dán mọ́rán.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wádìí ọ̀rọ̀ ẹrù orí yìí. Ní 1986, ìwé ìròyìn Nature tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà, pé wọ́n lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé èémí wọn gbóná ju ti ẹni tí kò ru nǹkan lọ. Ìròyìn náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ wa nínú nígbà náà. A rò pé òyìnbó ti jẹ́wọ́ pé àwa ni a ni ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún un wádìí lẹ́yìn náà láàárín àwọn obìnrin Gúúsù Áfíríkà kò rí i bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ènìyàn: ó rọ àwọn kan lọ́rùn, ó ni àwọn mìíràn lára. Èmi gba èyí ìkẹyìn gbọ́ jù, nítorí mo mọ bí ọrùn ṣe ń dun ìyá àgbà ní alẹ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ yàgò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n máa ń fi agbára àwọn baba wa yangàn. Ta ni ó ru ẹrù ojú ọ̀nà Ìkòròdú? Ẹrú ru púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀fà ru díẹ̀. Obìnrin àti ọmọdé ru ìyókù. Ẹrù kò dúró dè wọ́n kí ara wọn tó gbà á, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti sinmi. Agbé-irin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí iṣan tí ó fi ṣiṣẹ́ tó tún rí irin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, a sì dín ìwọ̀n kù pátápátá kí ara lè bọ̀ sípò. Inú ìsinmi yìí gan-an ni agbára ti ń wá. Gbígbé kàn ń pè é ni. Bí a bá mú ìsinmi kúrò, ohun tí ó kù kì í ṣe ìgbáradì mọ́, làálàá ni. Làálàá a máa sọ àwọn kan di alágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ́ léegun kò sí nínú ìtàn tí a ń pa.

Tai Solarin mọ ìyàtọ̀ yìí, tàbí kí n sọ pé ó sún mọ́ ọn ju ẹnikẹ́ni lọ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń dá oko, àwọn ni wọ́n ń ru iyẹ̀pẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní àwọn kò rán ọmọ lọ síléèwé kí ó lọ máa ṣe lébìrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ ní agogo tí ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti agogo tí ó ń parí rẹ̀, ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ tálákà sì jọ ń ṣe é ni. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ọ̀nà Ìkòròdú.

Èmi kò lọ sí Mayflower. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni mo lọ, ọgbà irin tí àwa ọ̀dọ́ Ṣágámù sì ní ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ní 1978, àpò sìmẹ́ńtì kílógíráàmù 50 di ohun tí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin fi ń wọn ara wọn wò. A rí sìmẹ́ńtì díẹ̀, a pò ó mọ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, a rọ ọ́ sínú garawa ọ̀dà méjì, a sì ki irin ìdí ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ bọ àárín wọn. Nígbà tí ó gan tán, ìdùnnú wa kò kéré. Ṣùgbọ́n garawa kan wúwo ju èkejì lọ, a kò sì mọ̀. A rò pé apá òsì ni ó lẹ ní ara gbogbo wa. Mo tẹnu mọ́ ọn, mo ń fi ipá mú apá òsì, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan dún kẹ́ẹ́ ní èjìká mi, tí irin sì jókòó lé mi láyà. Àbúrò mi ni ó sáré wá gbé e kúrò. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, èjìká yẹn ni ó ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí gbígbé láìsí aṣọ àtìlẹ́yìn ti jẹ́ òfin láti ìbẹ̀rẹ̀, a óò wo Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara. Irin títì láti orí àga nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo ara agbé-irin, títí kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó gbọdọ̀ wà lórí àga. Ọwọ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 81 lọ. Irin gbọdọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà kí a tó tì í. Aṣọ tí ń fẹ́ padà kò sí níbẹ̀. Nínú irú ìdíje tí kò sí ẹ̀tàn yìí ni orílẹ̀-èdè wa ti di ẹni tí ayé ń bẹ̀rù. Lucy Ejike gba wúrà ní 2004, 2008 àti 2016. Yakubu Adesokan ti kílógíráàmù 180 sókè ní London ní 2012, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ju 48 lọ. Ní Tokyo ní 2021, Latifat Tijani, Bose Omolayo àti Folashade Oluwafemiayo gba wúrà, Oluwafemiayo sì tún gbà á ní Paris ní 2024 pẹ̀lú 167, ìwọ̀n tí obìnrin kankan ní ìsọ̀rí rẹ̀ kò tíì gbé rí. Ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ wọn. A kò ní láti wá ògbufọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn agbé-irin wa wọ̀nyí ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò àdánidá tí ń fa àrùn náà ti kúrò ní Áfíríkà. Inú mi dùn pé ìran bẹ́ẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́, ó sì dùn mí pé nígbà tí wọ́n pọ̀, a kò kọ́ ilé fún wọn.

Mo padà sí osùká. Ohun èlò méjì ni ó wà nínú irin gbígbé, orúkọ kan náà ni a sì ń pè wọ́n nígbà púpọ̀. Èyí tí ń bá ènìyàn gbé e, bí aṣọ Inzer, ẹni tí kò bá lò ó kò pàdánù nǹkan kan, agbára tirẹ̀ ni a óò rí kedere. Èyí tí ń jẹ́ kí a lè gbé e bí ó ti yẹ, osùká ni: àga tí kò mì, irin tí ó tọ́, òṣùwọ̀n tí kò purọ́, olùkọ́ tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sinmi, ènìyàn méjì tí yóò sọ ni. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá yin àwọn eléré ìdárayá wa pé wọn kò ní nǹkan kan síbẹ̀ wọ́n borí, wọ́n ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń sọ àìní tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn láti mú kúrò di ohun ìwúrí. Ìpínlẹ̀ Ògùn gba ìdíje eré ìdárayá ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní àlejò ní 2006, a tún gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. A tún pápá ṣe, a kun ilé lọ́dà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rí yẹn ṣì wà lórí àga pákó.

Mo tún lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo bi í bóyá ó ti gbé àwọn òkúta rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n rí, ó ní rárá. A gbé wọn sínú bàrà, àwa méjèèjì, a tì wọ́n lọ sọ́dọ̀ oníkòkó kan tí ilé ìtajà rẹ̀ kò jìnnà. Baba náà wò wá bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lo òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ kílógíráàmù 23. Èkejì jẹ́ 26. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń wá nǹkan níbẹ̀.